Láti Kòtò Amọ̀ dé Ààtàn: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ilé

Olóòtú wa ti ń dọdẹ mi láti ìpàdé tó kọjá pé kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ní ìlú yìí, èyíinì ni iṣẹ́ ilé kíkọ́. Mo ń fi òní dónìí, mo ń fi ọ̀la dọ́la, títí ọ̀rọ̀ kan fi ti ilé wá tó mú mi jókòó ti tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa ní Ìsẹ́yìn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, pè mí lórí fóònù ní òru ọjọ́ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wó ilé tí bàbá bàbá mi kọ́, ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́jọ, kí àwọn sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn sí ojú ibẹ̀. Bíríkìlà ti wá wò ó, ó ní àpò sìmẹ́ńtì 600 ni yóò gbà láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Èmi tí mo wà lókè òkun ni wọ́n ní kí n gbé ìdajì owó náà. Ojú oorun ni mo wà, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Kò sí wàhálà." Èmi gan-an ni mo fọwọ́ sí i kí wọ́n wó o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan ní kíláàsì, ojú sì tì mí níbi tí mo jókòó sí.

Ẹ̀kọ́ náà ni àwọn Òyìnbó ń pè ní life cycle assessment. Nínú ìwé yìí n ó máa pè é ní ìṣirò ìbí-dé-ikú. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí Olóòtú. Ohun tó túmọ̀ sí kò ṣòro. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ilé kan gbà lọ́wọ́ ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, a kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ ìṣílé. Ibi tí wọ́n ti fọ́ òkúta ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gé igi, ibi tí wọ́n ti yọ́ irin. A ó ka epo tí ọkọ̀ akẹ́rù jó kí ẹrù tó dé. A ó ka iná àti omi tí àwọn onílé yóò lò ní gbogbo ọdún tí wọn yóò fi gbé inú rẹ̀, a ó ka ọ̀dà tí wọn yóò tún kùn àti páànù tí wọn yóò pààrọ̀. Lẹ́yìn náà a ó ka wíwó rẹ̀, àti ibi tí wọn yóò kó àlàpà rẹ̀ dà sí. Bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ka owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó ìsọ̀ mọ́ iye tó ra ẹrù kí ó tó sọ pé òun jèrè, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni tó bá ka iye tó ra ẹrù nìkan, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Norcross ni mo ń gbé, nítorí pé owó ilé ibẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn ju ti àárín Atlanta lọ. Ìlú kékeré ni, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Atlanta. Ojú irin ló bí i ní ọdún 1870, ọkọ̀ ojú irin sì ṣì ń gba àárín rẹ̀ kọjá títí di òní, ẹni tó bá ti sùn lọ́dọ̀ mi rí kò ní gbàgbé fèrè rẹ̀. Orúkọ Jonathan Norcross, tó jẹ olórí ìlú Atlanta ní 1851, ni wọ́n fi sọ ìlú náà. Kí ó tó dé ipò yẹn, onípákó ni. Nígbà tí Atlanta ṣì jẹ́ abúlé, ó dá ilé ìlagi kan sílẹ̀, ó ń la igi fún àwọn tí ń ṣe ojú irin. Ẹ mọ̀ pé bí a bá la igi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀ kì í wúlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òtòṣì ìlú wá ń kó àwọn ẹ̀gbẹ́ igi wọ̀nyí, wọ́n fi ń kọ́ ahéré, títí àdúgbò wọn fi ń jẹ́ Slabtown, bí ẹni pé Àdúgbò Ẹ̀gbẹ́ Pákó. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé àwọn ará Slabtown wà lára àwọn ọmọ ìta tó bá Norcross jà gidigidi nígbà tó di olórí ìlú. Igi rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ilé, òun náà ni wọ́n sì ń bá jà.

N kò sọ èyí láti yin ahéré. Ilé òṣì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣirò ìbí-dé-ikú ṣì ń jiyàn lé lórí: igi tí wọ́n gé lulẹ̀ yẹn, ta ni a ó kà á sí lọ́rùn? Ṣé ojú irin nìkan ni, tàbí ahéré náà yóò bá a pín nínú gbèsè? Ẹni tó sọ pé ohun àjẹkù kì í jẹ gbèsè ní ìdí tirẹ̀, ẹni tó sọ pé gbogbo ẹni tó jẹ nínú ẹran ni yóò san owó ẹran náà ní ìdí tirẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé ìṣirò méjì lórí ilé kan náà tí iye wọn yàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti pín gbèsè.

Ọ̀nà ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ́lé wá rárá. Inú ìgò ló ti jáde, ìgò Coca-Cola, láti Atlanta wa níhìn-ín. Ní 1969, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Harry Teasley, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìgò àti agolo ní ilé iṣẹ́ náà, ń rò ó bóyá kí wọ́n máa bá gíláàsì lọ, tàbí kí wọ́n mú agolo, tàbí kí wọ́n bọ́ sórí ike. Kò béèrè iye owó nìkan. Ó béèrè iye epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jó, iye ohun tí a ó wà nínú ilẹ̀ fún un, àti iye ìdọ̀tí tí yóò kó bá ayé láti ìgbà tó ti wà nínú ilẹ̀ títí di ìgbà tí a bá jù ú sí ààtàn. Midwest Research Institute ní Kansas City ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọn kò tẹ èsì rẹ̀ jáde fún aráyé, nítorí àṣírí òwò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti sọ lẹ́yìn náà pé ó wà lára ohun tó fi ọkàn ilé iṣẹ́ náà balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ike. Ẹ kíyè sí èyí: ilé iṣẹ́ tó fẹ́ yí ohun èlò padà ló sanwó fún ìṣirò àkọ́kọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí oníṣòwò kan bá gbé ìwé ìṣirò ka iwájú wa.

Ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. Ní 1974, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, EPA, gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde lórí oríṣi mẹ́sàn-án ohun tí wọ́n ń rọ ọtí àti mínírà sí. Ìgò tí a ń dá padà, tí a sì ń tún rọ nǹkan sí nígbà mẹ́wàá, ló borí. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín sókè nínú ilé ìkàwé, ẹni tó jókòó tì mí sì wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé, ṣé ẹ rántí ìyá onímínírà? Kò ní jẹ́ kí ẹ gbé ìgò lọ láìjẹ́ pé ẹ fi owó ìgò sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó mu ún tán níwájú rẹ̀. Kò ka ìwé EPA kí ó tó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Epo ló mú ìṣirò náà bọ́ sínú ilé. Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró, owó rẹ̀ fò sókè, àwọn ará Amẹ́ríkà sì tò lórí ìlà ní ilé epo bí ẹni tí ń tò sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí epo ń lọ. Bruce Hannon ti Yunifásítì Illinois àti ayàwòrán-ilé kan, Richard Stein, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wá jókòó láti ka agbára tó ti wọlé sínú bíríkì, gíláàsì, irin àti kọnkéré kí ẹnikẹ́ni tó tan iná kan ṣoṣo nínú ilé. Ní 1979, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àwọn ilé àtijọ́ lo irú ìṣirò yìí láti fi hàn pé ilé tó ti dúró jẹ́ epo tí a ti jó sílẹ̀. Ẹni tó bá wó o ti da epo náà nù, yóò sì tún jó òmíràn. Ní 1980, àwọn tí ń jà fún ilé àtijọ́ tẹ àwòrán ilé kan tí wọ́n yà bíi kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ọdún 1980 yẹn náà ni wọ́n kọ àárín ìlú Norcross, pẹ̀lú àwọn ilé bíríkì àti ilé pákó rẹ̀, sínú ìwé àwọn ibi ìtàn ní Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn èyí owó epo wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbàgbé. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní ìpínlẹ̀ Vermont ní 1990, ibẹ̀ ni orúkọ tí a ń pè é lónìí ti fìdí múlẹ̀. Àjọ ISO ṣe ìlànà rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1997. Yúróòpù sì ní ìlànà tirẹ̀ fún ilé odindi ní 2011. N kò ní fi ìyókù dá yín lágara.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí a dúró lé lórí. Ní 2011, àjọ tó ń ṣètọ́jú àwọn ilé ìtàn ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò ìbí-dé-ikú fún oríṣiríṣi ilé ní ìlú mẹ́rin, Atlanta sì wà lára wọn; àwọn yòókù ni Chicago, Phoenix àti Portland. Wọ́n fi ilé àtijọ́ tí a tún ṣe wé ilé tuntun tí kì í jẹ iná púpọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ilé tuntun náà yóò lo ọdún 10 sí 80 kí iná tó ń dín kù tó lè san gbèsè èéfín tí a jẹ kí a tó kọ́ ọ. Ẹ wò ó dáadáa: ọdún 80! Ọ̀pọ̀ ilé ní Atlanta kò tilẹ̀ pé ọdún 80 kí wọ́n tó wó o. Ilé náà yóò ti di àlàpà kí ó tó san gbèsè ìbí rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó kọ́kọ́ yé ni àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹgbẹ́ wọn tí ń jẹ́ ASHRAE wà ní agbègbè Atlanta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná tí ilé ń jẹ lójoojúmọ́ ni wọ́n gbájú mọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó kúrò ní ilé wọn àtijọ́, ojú gbogbo wọn lè máa wo ilẹ̀ àìkọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ra ilé ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti kọ́ ní 1978, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 66,700, ní Peachtree Corners tó bá wa pààlà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń kọ Norcross sí àdírẹ́sì wọn kí ó tó di ìlú ara rẹ̀ ní 2012. Wọn kò wó o. Wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n fi ọ̀nà ìmúlétutù tuntun sí i, wọ́n wá ẹ̀rọ tí ń gba iná lára oòrùn, wọ́n sì kó wọ ibẹ̀ ní 2020. Mo lọ wò ó níta ní ọjọ́ Sátidé kan. Kò sí ohun àrà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ́fíìsì lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà yìí, pẹ̀lú àjọ tó ń kọ òfin ilé kíkọ́ fún Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlànà tí yóò mú kí a ka èéfín ilé láti ibi òkúta fífọ́ títí dé ibi wíwó. Ó ti pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Ní Georgia Tech náà, ilé kan wà tí wọ́n ṣí ní 2019, Kendeda ni wọ́n ń pè é. Lára pákó tí wọ́n kàn mọ́ra fi ṣe àjà rẹ̀ ni àlòkù pákó tí àwọn onífíìmù lò tán. Àjọ kan ní Atlanta, Lifecycle Building Center, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ló bá wọn kó o jọ. Ẹ rántí Slabtown.

Ohun kan wà tí ìṣirò yìí kò rí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín, nítorí àwọ̀ wa ni. Lẹ́bàá odò Chattahoochee, ní ìwọ̀-oòrùn Atlanta, ilé iṣẹ́ bíríkì kan wà tí ń jẹ́ Chattahoochee Brick Company. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ìjọba Georgia ń yá ilé iṣẹ́ náà láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ènìyàn dúdú ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn, tí wọ́n mú lórí ẹ̀sùn tí kò tó nǹkan. Wọ́n ń na wọ́n, wọ́n ń fi ebi pa wọ́n, àwọn kan sì kú síbẹ̀, kí ìpínlẹ̀ náà tó fòpin sí yíyá ẹlẹ́wọ̀n ní 1908. Bíríkì wọn wọ ara ilé àti ojú ọ̀nà Atlanta. Ní 2022 ìjọba ìlú ra ilẹ̀ náà kí ó lè di ibi ìrántí. Bí mo bá ṣírò ilé bíríkì àtijọ́ kan ní Atlanta, ìwé mi yóò sọ iye igi àti èédú tí wọ́n fi sun ún, yóò sọ iye kílò èéfín. Kò sí ìlà kankan fún ẹni tó ru bíríkì náà. Láti 2009 ni àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká ti gbé ìlànà kan jáde fún kíka ìyà ọmọ ènìyàn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí agbaṣẹ́ṣe tó béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, kí a wo àpò sìmẹ́ńtì 600 tí Bàbá Àgbà wí.

Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń sun nínú iná ìléru tó gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius kí ó tó di sìmẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná yẹn nìkan ni gbèsè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta ẹfun fúnra rẹ̀, bó bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan, yóò tú gáàsì carbon dioxide tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀: nínú 100 kílò òkúta ẹfun tó mọ́ gaara, 44 kílò ni yóò fò lọ sójú ọ̀run. Bí ẹnì kan tilẹ̀ fi iná oòrùn sun ún, gáàsì yẹn yóò jáde. Àròpọ̀ rẹ̀ ni pé tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì kan máa ń mú nǹkan bí 600 sí 900 kílò gáàsì yìí lẹ́yìn wá. Àpò 20 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Nítorí náà àpò 600 jẹ́ tọ́ọ̀nù 30, gáàsì rẹ̀ yóò sì wà láàárín tọ́ọ̀nù 18 sí 27, a kò tíì ka irin, páànù, gíláàsì àti epo ọkọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é dé Ìsẹ́yìn.

Ilé bàbá bàbá mi ńkọ́? Inú àgbàlá ni wọ́n ti wa amọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi pò ó, oòrùn ló gbẹ ẹ́. Epo tó jó kò ju ẹ̀kọ àti àkàrà tí àwọn òṣìṣẹ́ jẹ lọ. Bó bá wó lónìí, òjò mélòó kan yóò dá a padà sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti wà á. Ewédú yóò hù lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́: àwọn tó ń yin ilé amọ̀ jù kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ ń gba omi, ẹ̀fọn sì ń pamọ ńbẹ̀. Ilé amọ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú lọ́dọọdún. Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì ṣètò fún un. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń kó koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin fún òrùlé. Àtúnṣe ilé di ọdún, wọ́n ń fi ìlù ṣe é. Nígbà tí páànù ti ìlú Òyìnbó dé, kì í ṣe òmùgọ̀ ló mú kí àwọn ènìyàn gbà á. Òrùlé koríko máa ń jóná, iná kan sì lè run odindi agbo ilé. Ohun tí a pàdánù ni ìtutù inú ilé, a sì ń fi fáànù àti jẹnẹrétọ̀ san án.

Sìmẹ́ńtì tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní Ewékorò nítòsí Abẹ́òkúta, níbi tí ilé iṣẹ́ West African Portland Cement ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Lẹ́yìn èyí ni owó epo dé, epo kan náà tó mú àwọn ará Amẹ́ríkà ka bíríkì wọn ló mú kí àwa sọ kíkà nù. Ìjọba ológun ìgbà Gowon ra sìmẹ́ńtì tó súnmọ́ 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, ìyẹn sì pọ̀ ju ohun tí èbúté wa lè gbà lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ló tò sí iwájú Èkó, tí a ń san owó ìdádúró fún wọn lójoojúmọ́, sìmẹ́ńtì inú àwọn mìíràn sì gan kí ó tó rí ilẹ̀. Àwọn bàbá wa ṣì ń sọ ìtàn ìwà jẹgúdújẹrá inú rẹ̀. Gbèsè kejì ni mo rí nígbà tí mo kẹ́kọ̀ọ́ yìí: òkúta tí a ti sun, tí a fi ọkọ̀ gbé la òkun kọjá, tó wá kú sínú omi láìdi ògiri ẹnikẹ́ni. Ikú láìgbé ayé.

Kì í ṣe gbogbo wa ló sùn nígbà náà. Ní àwọn ọdún yẹn gan-an, Demas Nwoko kọ́ ilé ìsìn fún àwọn àlùfáà Dominican ní Ìbàdàn, ó sì fi ilẹ̀ pupa pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ ṣe búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, ó pè é ní latcrete. Ní 2023 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilé ìwádìí ìjọba lórí ilé àti ọ̀nà, NBRRI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, náà ṣe ẹ̀rọ tí ń tẹ irú búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn yìí kan náà ni Cocoa House wà, tí wọ́n ṣí ní 1965. Iná jó o ní 1985. Wọn kò wó o. Wọ́n tún un ṣe, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1992. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìṣirò ìbí-dé-ikú, ṣùgbọ́n kọnkéré àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọn kò tún pò lẹ́ẹ̀kejì, èrè ni.

Mo ní kí àbúrò mi ya fọ́tò ilé náà yípo ránṣẹ́ sí mi. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Yàrá márùn-ún iwájú kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀yìn ló ti bàjẹ́, nítorí pé etí páànù kúrú níbẹ̀, omi òjò sì ń ta sí ìdí ògiri láti nǹkan bí ogún ọdún. Mo jókòó, mo ṣírò. Bí a bá dá yàrá iwájú sí, tí a fi búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tún ẹ̀yìn kọ́, tí a yọ etí páànù síta dáadáa, tí a sì fi sìmẹ́ńtì gidi ṣe ìdí ògiri, ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá, àpò 90 ni mo rí. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ nìyẹn dípò 30.

Mo pe Bàbá Àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, mo tọrọ àforíjì pé mo ti kọ́kọ́ gbà, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń gbé ilé alárà ní ìlú Òyìnbó, ṣé àwa lo fẹ́ kó máa gbé inú amọ̀?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ bí àwọn aládùúgbò ṣe ń sọ pé ẹbí kan ní ọmọ lókè òkun tí ilé wọn ṣì jẹ́ alámọ̀, yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìṣirò mi kò ní ìlà fún ìyẹn náà. Mo ní, "Bàbá, pákó ni ilé tí mò ń gbé. Pákó àti nǹkan bíi páálí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà. Bí mo bá fi ìkúùkù lu ògiri rẹ̀, ọwọ́ mi yóò wọlé." Wọn kò gbà mí gbọ́. Mo tan kámẹ́rà fóònù, mo kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, ó dún gbàm̀gbàm̀ bí ìlù. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n pe àwọn yòókù wá gbọ́ ọ, mo sì tún un kàn.

Ìyàwó wọn, Ìyá Àgbà, tó ń sùn nínú yàrá kejì iwájú láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé, ló dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní yàrá àwọn tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ti ọmọ àwọn tó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí ìta lọ, àwọn kò sì ní kó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ ní táìlì, táìlì funfun, àwọn kò sì fẹ́ gbọ́ ìṣirò kankan lórí ìyẹn. Mo ti ka táìlì náà mọ́ ọn. Owó páànù lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bíríkìlà kò dùn sí i, ó ní iṣẹ́ ilẹ̀ pupa ń gba àsìkò. Ó ní kí n fi owó àwọn tí yóò máa pò ó kún un, ó sì ní kí òjò tó dé.